Ọ̀bẹ Sheffield: Ta Ló Gbẹ́ Èèkù Rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ ìtàn la ní lónìí, òwe kan la ó sì fi bẹ̀rẹ̀:

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọdé, èèkù ni ibi tí a ti ń di ọ̀bẹ mú. Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó rò pé òun lè dá gbogbo nǹkan ṣe láìsí ìrànlọ́wọ́. Lónìí, ẹ jẹ́ ká mú òwe náà bó ṣe rí gan-an. Ẹ jẹ́ ká béèrè ẹni tó gbẹ́ èèkù, ẹni tó rọ irin, àti ẹni tó pọ́n ọn. Ìlú tí a ó lọ ni Sheffield, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ yẹ ọ̀bẹ ìjẹun tó wà nílé yín wò dáadáa, bóyá ẹ ó rí orúkọ ìlú náà lára ọ̀kan.

Ìlú àwọn aṣọ̀bẹ

Odò márùn-ún ló wà ní Sheffield: Don, Sheaf, Porter, Rivelin àti Loxley. Láyé àtijọ́, omi wọn ló ń yí kẹ̀kẹ́ onígi ńlá, kẹ̀kẹ́ yẹn ló sì ń yí òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n irin. Òkúta tó dára fún iṣẹ́ náà wà nínú àwọn òkè tó yí ìlú ká. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọ̀bẹ fi fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1400, dárúkọ ọ̀bẹ Sheffield nínú ìwé rẹ̀ Canterbury Tales. Ọkùnrin kan tó ń lọ ọkà ló ki ọ̀bẹ náà bọ inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ní 1624, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tó dá ẹgbẹ́ àwọn aṣọ̀bẹ sílẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Company of Cutlers in Hallamshire. Ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ tó ń tẹ̀ sára irin, gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ti ń sọ ilé tí èèyàn ti wá láyé àwọn baba wa. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ á lo ọdún méje lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kó tó gba fírídọ́ọ̀mù. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa? Bẹ́ẹ̀ náà ni télọ̀ àti mẹkáníìkì wa ṣe ń gba fírídọ́ọ̀mù nílé.

Ọwọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, ló máa ń kan ọ̀bẹ kan. Alágbẹ̀dẹ á rọ irin nínú iná. Apọ́nbẹ á pọ́n ọn lórí òkúta. Ẹni kẹta á wá fi èèkù sí i, á sì tún un ṣe títí yóò fi dán. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ńlá. Wọ́n á gba yàrá kékeré kan, wọ́n á sì dá dúró. Little Mesters ni wọ́n ń pè wọ́n.

Láàárín ọdún 1740 sí 1750, Benjamin Huntsman, ọkùnrin kan tó ń ṣe aago, wá ọ̀nà láti yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ kí irin aago rẹ̀ lè dára sí i. Irin tó rí le, ó sì dọ́gba látòkè délẹ̀. Irin yìí ló wá sọ ọ̀bẹ Sheffield di olókìkí káàkiri ayé.

Ọ̀bẹ olówó ńlá, ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú

Ní 1851, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé iṣẹ́ Joseph Rodgers gbé ọ̀bẹ kan lọ síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Norfolk Knife. Irin 75 ló wà lára ọ̀bẹ kan ṣoṣo yìí! Kò sẹ́ni tó lè fi í gé iṣu. Wọ́n ṣe é kí ayé lè mọ ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe ni. Ó wà ní Cutlers' Hall ní Sheffield.

Ìlú yìí kan náà ló ń ṣe ọ̀bẹ àpò fún àgbẹ̀, fún atukọ̀ àti fún ọmọdékùnrin tó ní kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀bẹ àpò ni ọ̀bẹ kékeré tí a lè ká, kí irin rẹ̀ wọ inú èèkù, kí a sì fi sínú àpò.

Àwọn tó ń kó ọ̀bẹ àtijọ́ jọ kì í wo dídán nìkan. Àmì ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà. Bí lẹ́tà V àti R bá wà lára irin pẹ̀lú adé, ìgbà Ọbabìnrin Victoria ni, láàárín 1837 sí 1901. Bí ọ̀rọ̀ "England" bá wà níbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀bẹ ẹ̀yìn 1891, nítorí òfin Amẹ́ríkà nígbà náà ló ní kí ọjà òkèèrè máa gbé orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣí ọ̀bẹ, wọ́n á sì pa á dé, wọ́n á tẹ́tí sílẹ̀. Ọ̀bẹ àpò tó dára á dún "pá!" bó bá padé.

Ken Hawley, tó gbé ayé láti 1927 sí 2014, kó irinṣẹ́ Sheffield jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe èyí tó lẹ́wà nìkan ló kó. Ó kó irinṣẹ́ táwọn òṣìṣẹ́ fi ń ṣe irinṣẹ́ mìíràn pàápàá. Àkójọ rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kelham Island.

Iye tí kò sí lára ọjà

Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, mo sì mọ̀ pé iye tí wọ́n kọ sára ọjà kọ́ ni gbogbo ohun tí ọjà náà náni. Ta ló san ìyókù?

Apọ́nbẹ san án. Bó ṣe ń tẹ̀ síwájú òkúta, eruku òkúta àti irin ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Friedrich Engels kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1845, láti inú ohun tí dókítà kan ní Sheffield rí, pé àwọn tó ń pọ́n irin láìlo omi kì í sábà gbé ayé ju ọdún 35 lọ. Àwọn tó ń lo omi kì í sábà kọjá 45. Ọjọ́ orí èmi tí mò ń kọ èyí nìyẹn.

Erin náà san án. Ṣé erin wà ní Sheffield ni? Rárá o. Síbẹ̀, eyín erin kún yàrá abẹ́ ilẹ̀ Joseph Rodgers, tí àwọn àlejò fi ń lọ wò ó bí ìran. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ eyín náà ti wá, èèkù ni wọ́n fi ṣe. Òwe wa ti sọ ọ́: ọ̀bẹ kò gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Lónìí, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ti ka títa èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi eyín erin ṣe léèwọ̀.

Ní 1913, Harry Brearley ṣe irin tí kì í tètè dípẹtà ní Sheffield. Irú irin yìí ló wà nínú ilé ìdáná gbogbo wa. Nígbà tó yá, ọjà olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ òkèèrè pọ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Sheffield sì kógbá sílé. Ṣùgbọ́n Stan Shaw, tó kú ní 2021, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀bẹ àpò fún ohun tó ju 70 ọdún lọ, àwọn èèyàn sì ń fi ọdún dúró de ọ̀bẹ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fún òbí àti ọmọ

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ń já wa láyà nílùú tí a wà yìí. Ẹ̀rù náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀ pé ọ̀bẹ jẹ́ irinṣẹ́, tó mọ̀ pé ẹnìkan fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i kí ó tó mú, kò ní fi í ṣeré, kò sì ní fi í dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ó bá yín gé ilá. Ẹ kọ́ ọ pé èèkù la fi ń na ọ̀bẹ sí ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ọmọ, inú ilé ni ọ̀bẹ ń gbé. Ní England àti Wales, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti mú ọ̀bẹ rìn ní gbangba láìsí ìdí tó bófin mu. Ọ̀bẹ àpò kékeré tó ń ká, tí kì í há, tí irin rẹ̀ kò ju íǹṣì 3 lọ, nìkan ni òfin yọ sílẹ̀. Ní ti ilé ìwé, ẹ má mú ọ̀bẹ kankan lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí

Èèkù: ibi tí a ti ń di ọ̀bẹ mú.
Àkọ̀: ilé tí a ń ti ọ̀bẹ tàbí idà bọ̀.
Mú: ọ̀bẹ tó mú ń gé nǹkan dáadáa. Bí kò bá mú mọ́, a ó ní ó ti kú.
Pọ́n: ohun tí a ń ṣe sí ọ̀bẹ tó ti kú kí ó lè tún mú.

Ìbéèrè: Ọwọ́ mélòó ló kan ọ̀bẹ Sheffield kan kí ó tó dé ọjà? Ẹ dárúkọ iṣẹ́ wọn ní èdè Yorùbá fún màmá tàbí bàbá yín.