Ìdágbére Lẹ́yìn Àjọṣe: Àwọn Oníṣẹ́-Ọnà Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo, 1962 sí 1966

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kò lè ṣeré fún ogún ọdún. Òwe yìí fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ àjọṣe ni ìpínyà ti wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, Yorùbá kì í jẹ́ kí ìpínyà jọ òpin. Bí àlejò bá ń lọ, onílé a sìn ín sọ́nà. Bí wọ́n bá sì dé ìyànà, wọn a ní 'ó dàbọ̀', èyí tí í ṣe 'ó di àbọ̀'. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò ni bí ìdágbére ṣe rí láàrin àwọn oníṣẹ́-ọnà tó péjọ sí Òṣogbo, àti ohun tó ṣẹ́ kù nígbà tí olùkọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé ìdágbére ni gbogbo ìkọ́ni ń parí sí.

Bí Wọ́n Ṣe Péjọ

Ní ọdún 1950 ni Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé láti wá kọ́ni ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ìbàdàn. Ní 1961, òun àti àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀, aṣáájú òṣèré orí ìtàgé, yí ilé ọtí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Popular Bar padà di ojúkò iṣẹ́-ọnà ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni 'Mbari', ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, ó sì di 'Mbárí Mbáyọ̀', ìyẹn ni pé bí mo bá rí i, máa yọ̀.

Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana, ló darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1962. Lára àwọn tó ti ibẹ̀ yọ ni Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé. Ní 1964, Georgina Beier darí òmíràn. Àwọn tó wá kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé iṣẹ́-ọnà. Múráínà Oyèlámì àti Jímọ̀ Bùráímọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀, níbi tí Bùráímọ̀ ti ń mójú tó iná ìtàgé. Oníjó ni Táíwò Ọláníyì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven. Georgina kò ya àwòrán kankan síwájú wọn kí wọ́n máa wò ó kọ. Ó kó irinṣẹ́ fún wọn, ó ń wo ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbà á níyànjú láti tẹ̀lé ọ̀nà tó jẹ́ tirẹ̀.

Ìdágbére Méjì

Ọjọ́ díẹ̀ ni irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà. Bí ó bá parí, oníkálukú a di ẹrù rẹ̀, a gba ilé lọ. Ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Àwọn tí Georgina rí i pé ẹ̀bùn wà lọ́wọ́ wọn rí ibi tí wọ́n ti lè máa bá iṣẹ́ lọ, òun náà sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Ìdágbére àkọ́kọ́ sún síwájú fún bí ọdún méjì.

Ìdágbére kejì ló le. Ọdún 1966 jẹ́ ọdún ìfipágbàjọba lẹ́ẹ̀mejì àti ìtàjẹ̀sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní òpin ọdún náà, Ulli àti Georgina fi Nàìjíríà sílẹ̀, wọ́n sì kọrí sí Papua New Guinea. Ní ìgbà yẹn, Ògúndélé jẹ́ ẹni bí ogún ọdún. Oyèlámì, tó dàgbà díẹ̀ sí i, jẹ́ ẹni bí ọdún 26. Ọjọ́ orí àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ wọn kò jìnnà sí èyí. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ẹni tó ń rà wọ́n níyè sì ti lọ.

Ohun Tó Ṣẹ́ Kù

Àríwísí kan wà tí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí iṣẹ́ Òṣogbo di èyí tí àwọn òyìnbó ń wá rà, ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdàkọ ohun tó ti gbajúmọ̀, nítorí ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà fúnra wọn kò dúró sójú kan. Bùráímọ̀ sọ ìlẹ̀kẹ̀ di ohun èlò àwòrán. Oyèlámì lọ kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ní 2005, àjọ UNESCO fi Twins Seven-Seven jẹ oyè oníṣẹ́-ọnà fún àlàáfíà. Níkẹ Davies-Okundaye, tó ti gbé nínú agbo ilé Seven-Seven, dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́-ọnà tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983. Bruce Onobrakpeya, tó kópa nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣogbo, gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Agbarha-Otor ní ìpínlẹ̀ Delta ní 1998.

'Ó dàbọ̀' náà sì ṣẹ. Láàrin 1971 sí 1974, Beier padà wá darí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ifẹ̀. Kò bá àwọn ọmọdé tó fi sílẹ̀ mọ́. Àwọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ lórúkọ ara wọn ló bá.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ní Ìyànà-Ìbà, níbi tí ọ̀nà Ìbà àti ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti yà kúrò lára márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ń pínyà lójoojúmọ́. Ọkọ̀ kan a forí lé Ọ̀kọ́kọ́máíkò, òmíràn a gba Ìbà lọ. Olùkọ́ tó bá ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́-ọnà fún àwọn ọmọ àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní àsìkò ìsinmi gbọ́dọ̀ ti ìbẹ̀rẹ̀ ronú nípa ọjọ́ ìkẹyìn. Ohun mẹ́ta ni ìtàn Òṣogbo fi kọ́ni. Àkọ́kọ́, kí ọmọ ní ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó má jẹ́ òjìji olùkọ́. Èkejì, kí ó rí ibi tí yóò ti máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tí ìpéjọ bá tú. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ kìlọ̀ fún un nípa ọjà tó ń fa ènìyàn sí àdàkọ.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn Mbárí Mbáyọ̀ fi hàn pé ọjọ́ ìpéjọ nìkan kò tó láti fi díwọ̀n àjọṣe oníṣẹ́-ọnà. Ẹ̀yìn ìdágbére ni a ti ń mọ ẹ̀kọ́ tó wọlé. Àlejò tí wọ́n sìn dé ìyànà kò ní kí onílé máa tẹ̀lé òun lọ. Ohun tó fẹ́ ni pé kí iná ṣì wà nínú ààrò nígbà tí òun bá dé.