Ṣíṣe káàdì ìkíni pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́

Ṣíṣe káàdì ìkíni pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ inú ilé, nínú èyí tí ènìyàn ń fi kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe káàdì ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó, ìkómọjáde, Kérésìmesì tàbí Iléyá fúnra rẹ̀, dípò kí ó ra èyí tí a ti tẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ètò tí a sábà máa ń lò fún un ni LibreOffice, Inkscape, GIMP àti Scribus. Fún àwọn tí ń kọ èdè Yorùbá, iṣẹ́ yìí ní àǹfààní kan tí ó ju ti owó lọ: ó ń jẹ́ kí orúkọ ẹni tí a ń kí jáde lórí káàdì pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ fún títà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843. Henry Cole ni ó ní kí a ṣe é, ayàwòrán John Callcott Horsley ni ó sì yà á. Ṣílè kan ni wọ́n ń ta ẹyọ kan, owó tí kì í ṣe kékeré lójú òṣìṣẹ́ ìgbà náà.

Àwọn ètò náà

GIMP wà fún títún fọ́tò ṣe. Spencer Kimball àti Peter Mattis bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1995 nígbà tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Califonia ní Berkeley. Inkscape, tí ó yà kúrò lára Sodipodi ní ọdún 2003, wà fún àwòrán tí a lè mú tóbi láìbàjẹ́, irú bí òdòdó àti ọnà etí káàdì. Scribus ni a ń fi to ojú ìwé. Ẹni tí kò tíì lo ọ̀kankan rí lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LibreOffice nìkan, kí ó sì ṣe káàdì tí ó dára.

Èdè Yorùbá ya «ọ̀fẹ́» sọ́tọ̀ kúrò lára «òmìnira», àwọn ètò wọ̀nyí sì ní méjèèjì: a kì í sanwó fún wọn, òfin ìlò wọn sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti yí wọn padà kí ó sì pín wọn fún ẹlòmíràn.

Ṣíṣẹ́ bébà

Bébà A4 jẹ́ mìlímítà 210 sí 297. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí méjì, a ó ní káàdì 148 sí 210. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, yóò di 105 sí 148.

Èyí tí a ṣẹ́ sí mẹ́rin ni ó rọrùn jù fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré, nítorí pé ojú kan bébà nìkan ni a ń tẹ̀. A ó gbé bébà náà ró lóòró, a ó sì pín in sí mẹ́rin. Apá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ni iwájú káàdì, apá òsì ìsàlẹ̀ sì ni ẹ̀yìn. Ìdajì òkè ni yóò di inú káàdì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dorí kodò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi bébà ṣòfò. Lẹ́yìn títẹ̀, a ó ṣẹ́ ìdajì òkè sẹ́yìn, lẹ́yìn náà a ó ṣẹ́ apá òsì sẹ́yìn apá ọ̀tún.

Káàdì tí a ṣẹ́ sí méjì ń fẹ́ títẹ̀ ní ojú méjèèjì, bébà rẹ̀ sì lè nípọn jù. Bí ẹ̀rọ bá ń yí bébà fúnra rẹ̀, kí a yan yíyí láti etí kúkúrú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú káàdì yóò dorí kodò.

Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀

Láìsí àmì, Ayọ̀ kò yàtọ̀ sí ayò tí àwọn àgbà ń ta lábẹ́ igi. Káàdì ìgbéyàwó tí ó bá sì kọ «ọkọ̀» níbi tí ó yẹ kí ó kọ «ọkọ» ti kí mọ́tò kú oríire.

Nínú Unicode, lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn: 1EB9, 1ECD àti 1E63. Kò sí nọ́ńbà ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà ni a kọ́kọ́ ń kọ, kí àmì ohùn tó tẹ̀ lé e: 0301 fún ohùn òkè, 0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Fọ́ǹtì ni yóò gbé àmì náà sórí lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì oníọnà tí a fẹ́ràn láti fi ṣe káàdì kò lè ṣe èyí. Àmì á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo gba ipò lẹ́tà. Noto, DejaVu àti Charis ń ṣe é dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Nínú LibreOffice Writer, a lè kọ nọ́ńbà náà kí a sì tẹ Alt àti X pọ̀. Nínú Inkscape, Ctrl àti U ni a ń kọ́kọ́ tẹ̀.

Bí a bá fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lọ sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, fáìlì PDF ni kí a mú lọ, nítorí pé ó lè gbé fọ́ǹtì sínú ara rẹ̀. Bí a bá mú fáìlì LibreOffice lásán lọ, tí fọ́ǹtì náà kò sì sí lórí kọ̀ǹpútà ibẹ̀, òmíràn ni yóò rọ́pò rẹ̀, àwọn àmì sì lè tún yẹ̀ kúrò ní ipò wọn.