Ọ̀dọ̀ Hades Kì Í Ṣe Ọ̀run Àpáàdì

“Achilles wà ní ọ̀run àpáàdì.” Mo ka gbólóhùn yìí nínú ìtumọ̀ kan, mo ní, kí ni akọni yẹn ṣe? Ọ̀dọ̀ Hades tí Odysseus ti bá a, nínú ìwé kọkànlá Odyssey, ewì Homer, ibi tí tolóore tìkà ń lọ ni. Òjìji ni wọ́n níbẹ̀, agbára ti tán lára wọn. Ohun tó ń dun Achilles ni pé òun kò sí lókè eèpẹ̀ mọ́, kì í ṣe iná.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, èyí tó jáde lódindi ní 1884, kò kó sí ọ̀fìn yìí nínú Ìfihàn 20: “ipò òkú” ni wọ́n pe Hades. Ó dára fún ibi náà. Àmọ́ Hades tún jẹ́ orúkọ ọba tó ni ibẹ̀, a kò sì lè sọ pé ipò òkú gbé Persephone níyàwó.

Homer a máa sọ pé èèyàn lọ sílé Hades. Nígbà míì, á fo “ilé”, á fi orúkọ onílé nìkan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa kan bá èyí mu wẹ́kú: ọ̀dọ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ Hades. Ẹ ò rí i pé ó ti tán?

Orúkọ yẹn gan-an, àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ kì í fẹ́ pè é. Plouton ni wọ́n ń pe ọba náà, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọrọ̀, torí inú ilẹ̀ ni irè oko ti ń wá. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pe ejò ní okùn ilẹ̀ lóru, tó ń pe Ṣànpọ̀nná ní Ilẹ̀gbóná, kò nílò àlàyé. Ọlọ́rọ̀ Abẹ́lẹ̀ ni màá pè é.

Charon kò le láti túmọ̀: atukọ̀ tó ń gbé òkú lọ sọ́dọ̀ Hades ni, owó fàdákà kékeré tí wọ́n ń fi sẹ́nu òkú, owó ọkọ̀ ni. Cerberus, ajá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ló yọ mí lẹ́nu. Mo fẹ́ pè é ní oníbodè, àmọ́ oníbodè a máa yẹ ẹni tó ń wọlé wò. Akéwì Hesiod ní ìrù ni ajá yìí ń jù sí ẹni tó ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ jáde ló ń pa jẹ. Ajá Wọlé-má-jàáde, nígbà náà.

Tartarus, níbi tí wọ́n ti àwọn òrìṣà Titan mọ́, ẹ má pè é ní ọ̀gbun àìnísàlẹ̀. Hesiod náà ló sọ ọ́: bí owú idẹ bá já láti orí ilẹ̀, yóò máa bọ̀ fún ọjọ́ 9 tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ kẹwàá, á balẹ̀.