Ìdàrọ́: Ẹlẹ́rìí Iṣẹ́ Irin Àwọn Baba Wa

Ọ̀rọ̀ kan tí ó ń parẹ́ lẹ́nu wa ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: ìdàrọ́, pàǹtí tí ó ń ṣẹ́kù nígbà tí a bá ń yọ irin lára òkúta.

Irin kì í yọ́ àfi kí ooru tó 1538°C. Ìdàrọ́ a máa ṣàn ní nǹkan bí 1200°C. Nítorí náà, nínú iléru àtijọ́, ìdọ̀tí ni ó ń yọ́ lọ; irin a ṣẹ́kù bí kànìnkànìn, alágbẹ̀dẹ a sì fi òòlù lù ú. Èédú tí ó bá há sínú ìdàrọ́ ni a fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ní 1904, C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa iléru Ola-Igbi, nítòsí Ọ̀yọ́.

Ṣùgbọ́n iná àgbẹ̀dẹ náà ń bí ìdàrọ́. Ní etíkun Àgbádárìgì, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó irin wá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: iléru ni, àbí àgbẹ̀dẹ? Ibi tí ó wà ni yóò fèsì. Bí ẹ bá rí òkìtì rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kó o kúrò.