Epo Orí Ilẹ̀ àti Epo Inú Òkun: Ìtàn Ààlà Kan ní Nàìjíríà

Nínú iṣẹ́ yìí, a tọpinpin ìyàtọ̀ tó wà láàárín epo rọ̀bì orí ilẹ̀ àti ti inú òkun. Lójú ẹnjiníà, ibi tí wọ́n gbẹ́ kànga sí nìkan ni ìyàtọ̀ náà. Ní Nàìjíríà, owó ló sọ ọ́ di ìjà.

Òfin ìpìlẹ̀ 1960 àti ti 1963 ka ilẹ̀ abẹ́ òkun tó so mọ́ ẹkùn kan mọ́ ẹkùn náà. Nígbà tó di 1971, ìjọba ológun Gowon ṣe òfin tó gba owó epo inú òkun fún ìjọba àpapọ̀.

Òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní kí ìpín tó tọ́ sí ibi tí epo ti jáde má ṣe dín ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ibo ni ìpínlẹ̀ parí sí? Ìjọba àpapọ̀ pe ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2002, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ààlà ìpínlẹ̀ etíkun kò kọjá ibi tí omi òkun máa ń dúró sí bó bá fà sẹ́yìn tán. Akwa Ibom, tí ọ̀pọ̀ epo rẹ̀ wà nínú òkun, ni ó dùn jù. Oǹdó náà kò yọ sílẹ̀, nítorí epo tó wà nínú òkun Ìlàjẹ.

Òfin 2004 ni wọ́n fi pẹ̀tù sí i: kànga tó bá wà níbi tí omi kò ti jìn ju 200 mítà lọ di ti ìpínlẹ̀ tó kọjú sí i, bí a bá ń pín owó. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ dúró níbí díẹ̀. Jíjìn omi sísàlẹ̀ ni òfin náà ń wọ̀n, kì í ṣe bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí etíkun tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò ṣi òfin náà kà. Bonga, tí epo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 2005, wà nínú omi tó jìn ju 1,000 mítà lọ, kò sì sí ìpínlẹ̀ tó lè fi í gba ìdá 13. Lójú tiwa, orúkọ òfin náà, tó ní òun pa ìyàtọ̀ rẹ́, ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ: ńṣe ló kàn sún ààlà síwájú.

Cross River ló wá rí èyí tó le jù. Lẹ́yìn tí Bakassi bọ́ sọ́wọ́ Kamẹrúùnù, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní 2012 pé ìpínlẹ̀ náà kì í ṣe ìpínlẹ̀ etíkun mọ́, kànga epo 76 tó ń jà fún sì di ti Akwa Ibom.