Gbèsè Tí À Ń Fi Omijé San

Bí gbajúmọ̀ kan bá kú nílẹ̀ wa, tí ẹnìkan sì ń sunkún nítorí rẹ̀, kì í pẹ́ tí aládùúgbò kan yóò fi bi í pé, "Ṣé ẹ jọ jẹun rí ni?" Ìbéèrè náà jọ ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n. Ọ̀fọ̀ inú ilé ẹni ní ìdí: ẹni tó lọ ti bá wa jẹ, ó ti bá wa mu, ó mọ orúkọ wa. Ṣùgbọ́n kí ni ti ẹni tí a kò rí sójú rí, àfi nínú fọ́tò tàbí lórí rédíò? Ìtàn Ilé-Ifẹ̀, ìlú tí wọ́n bí mi sí, ni mo fẹ́ fi dáhùn. Lójú tèmi, irú ẹkún bẹ́ẹ̀ kò nílò kí a mọ olóògbé. Gbèsè ló ń fà á.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ya oríṣi ọ̀fọ̀ méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni èyí tí àṣà pa láṣẹ. Ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 2015, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé, Olúbùṣe Kejì, wàjà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti lo ohun tó lé ní ọdún 34 lórí ìtẹ́. Ìròyìn ti gba ìgboro kan, síbẹ̀ àwọn ìjòyè ń sọ pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó kéde rẹ̀. Ẹni tó mọ àṣà kò yà lẹ́nu sí i. Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni, ètùtù sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀. Ọjà tì, orò jáde, oníkálukú wọlé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ọba àti ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ló jọ ti ilẹ̀kùn. Ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í bi ọkàn ènìyàn léèrè kó tó dé. Oríṣi kejì, tí mo ń wá ìdí rẹ̀, ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ.

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 1987. Kì í ṣe ọba wa, kì í ṣe ọmọ Ifẹ̀, kò sì sí nípò ìjọba kankan mọ́. Ó ti díje fún ipò ààrẹ ní 1979 àti 1983, kò sì wọlé. Ṣùgbọ́n màámi máa ń sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí bàbá mi gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò, ó ti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rẹ̀ ní Mọ̀ọ́rè, ó wá jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń sunkún bí ọmọdé. Aládùúgbò kan bi í pé, "Bàbá Ṣọlá, ṣé Awólọ́wọ̀ ló bí yín ni?" Bàbá mi ní, "Bàbá tó bí mi kò lówó iléèwé. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ dòní. Èmi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sínú ìwé." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni bàbá mi nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 1955, lábẹ́ ìjọba tí Awólọ́wọ̀ ń darí. Ní 1954, àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tó 500,000; ní 1955, wọ́n lé ní 800,000. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń mú wọ iléèwé nígbà náà, ó ti di ará oko kòkó. Ọdún díẹ̀ péré ló yà wọ́n, ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ yẹn ló pín ayé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Awólọ́wọ̀ nígbà náà. Owó orí tí ìjọba fi kún owó tó wà tẹ́lẹ̀ nítorí ètò náà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sì fìdí rẹmi ní ẹkùn tirẹ̀ nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Ọdún 32 ló wà láàárín ọjọ́ tí bàbá mi wọ iléèwé àti ọjọ́ tó ti ṣọ́ọ̀bù. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò pàdé ọkùnrin náà, kò ráyè wí fún un pé ẹ ṣé é. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bí olóore bá wá lọ kí a tó dúpẹ́, ta ni a ó gbé ọpẹ́ náà fún? Omijé ló kù nílé.

Ìtàn àtijọ́ Ifẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú bàbá mi. A gbọ́ pé nígbà tí àwọn Ugbò ń fi ẹ̀wù ìmọ̀ṣákà dẹ́rù ba ìlú, Mọrèmí jẹ́ kí wọ́n kó òun lẹ́rú, kí ó lè mọ àṣírí wọn. Ó padà wálé, ó ní kí wọ́n fi iná bá wọn jà, Ifẹ̀ sì ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n odò Ẹsìnmìrìn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún béèrè Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ náà, gbogbo Ifẹ̀ ní àwọn yóò máa jẹ́ ọmọ fún un títí láé. Ọdún Ẹdì sì ń rán wa létí rẹ̀ dòní. Kì í ṣe gbogbo ará ìlú ló mọ Mọrèmí tàbí ọmọ rẹ̀. Gbèsè ló sọ wọ́n di ẹbí. Ohun tí bàbá mi ṣe ní ẹ̀yìnkùlé kò yàtọ̀.

Gbèsè yìí náà ló ṣàlàyé ìdí tí gbogbo ènìyàn kì í fi í sunkún ẹnìkan náà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ikú Awólọ́wọ̀, ìjọba ológun fi orúkọ rẹ̀ pe Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tó ti jẹ́ Ṣáńsẹ́lọ̀ láti 1967 títí di 1975. Inú àwọn kan dùn; àwọn mìíràn kò fẹ́ kí orúkọ Ifẹ̀ kúrò, títí di òní ni wọ́n ṣì ń pe ilé ẹ̀kọ́ náà ní Ifẹ̀. Nínú ọgbà kan náà, ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà tó ń jẹ́ Awólọ́wọ̀, òmíràn ń jẹ́ Akíntọ́lá, bẹ́ẹ̀ ìjà àwọn méjèèjì ní 1962 ló dá wàhálà ńlá sílẹ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tí Akíntọ́lá ṣe lóore kò ní torí Awólọ́wọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù. Òun náà kì í ṣe aláìmoore. Ìwé gbèsè rẹ̀ ló yàtọ̀. Bákan náà, ẹkún bàbá mi kò túmọ̀ sí pé Awólọ́wọ̀ kò ṣi ẹsẹ̀ gbé rí. Ẹni tó ń san gbèsè kì í ṣe adájọ́.

Ẹnìkan lè ní, àwọn ọ̀dọ́ òde òní ńkọ́? Nígbà tí olórin MohBad kú ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, ọmọ ọdún 27 ni. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì tún hú òkú rẹ̀ kí àwọn dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọ̀dọ́ tan àbẹ́là ní ìgboro, ọ̀pọ̀ wọn kò sì pàdé rẹ̀ rí. Kò kọ́ iléèwé fún wọn. Ṣùgbọ́n ó ti kọrin ìnira àwọn ọmọ tálákà tó ń wá oúnjẹ òòjọ́, wọ́n sì gbọ́ ohùn ara wọn nínú tirẹ̀. Oore nìyẹn náà. Wọ́n tún gbà pé ìlú jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdáàbòbò tí kò san. Ìdí nìyí tí ẹkún wọn fi di ìwọ́de.

Ohun tó ń dùn mí nínú gbogbo èyí ni àwọn tí a jẹ ní gbèsè tí wọn kò lórúkọ. Awólọ́wọ̀ kọ́ ló kọ́ bàbá mi ní a-b-d. Olùkọ́ kan ni, tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ẹnikẹ́ni kò sì kéde ikú rẹ̀ lórí rédíò. Ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ tó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1997 pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìhà méjèèjì. Mo ti rin ìgboro méjèèjì láìmọye ìgbà, n kò sì tíì rí òkúta kan tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Mọrèmí ní ère gàgàrà, ó sì tọ́ sí i. Àwọn wọ̀nyí kò ní nǹkan kan.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń sunkún gbajúmọ̀ tí kò mọ̀, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bi í pé, "Kí ló ṣe fún ọ?" Ẹ ó gbọ́ ìtàn tí kò sí nínú ìwé kankan. Lẹ́yìn náà, kí oníkálukú wa ka gbèsè tirẹ̀, kí ó wo èyí tí olówó rẹ̀ ṣì wà láàyè. Olùkọ́ bàbá mi ní ọmọ ní Ìlódè. Mo ti lọ kí wọn.