Ìjẹ́wọ́ Tí Kò Pé: Ẹjọ́ Uli Hoeneß ní Ilẹ̀ Jámánì

Ọmọ alápatà ni Uli Hoeneß. Ìlú Ulm ni a gbé bí i ní 1952. Ó wà nínú àwọn tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún Jámánì ní 1974. Orúnkún tí ó bàjẹ́ ni ó lé e kúrò lórí pápá, ṣùgbọ́n ní 1979, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 27 péré, ó di alábòójútó ẹgbẹ́ Bayern ní ìlú Munich. Inú gbèsè ni ó bá ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí yóò fi jẹ ààrẹ rẹ̀ ní 2009, ọlọ́rọ̀ ni wọ́n.

A kò fẹ̀sùn kàn án pé ó jí kọ́bọ̀ nínú owó ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń ṣi èyí gbọ́. Òwò owó ilẹ̀ òkèèrè ni ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe ní báńkì kan ní Zurich, bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́, kò sì jẹ́ kí àwọn agbowó-orí gbọ́ nípa èrè rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, à fọwọ́ bò ó jẹ. Ṣùgbọ́n ìjọba ní ìpín tirẹ̀ nínú iṣu yìí.

Òfin Jámánì ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀. Bí ẹni tí ó fi owó-orí pamọ́ bá lọ jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ kí àṣírí tó tú, tí ó sọ ohun gbogbo, tí ó sì san gbèsè náà tèlé-tèlé, ó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Hoeneß kò tètè gba ẹnu ọ̀nà yìí. Ó ń retí àdéhùn kan láàárín Jámánì àti Switzerland tí ì bá bo irú wọn láṣìírí, ṣùgbọ́n àdéhùn náà fọ́ ní ìparí 2012. Ní oṣù kìn-ín-ní 2013, nígbà tí oníròyìn kan ti ń tọ pinpin àkáǹtì náà, ó sáré kọ ìwé ìjẹ́wọ́. Ìwé náà kò ní ìṣirò tí ó pé nínú.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ ti yí bìrí. Mílíọ̀nù 3.5 owó Euro ni ó wà nínú ìwé ẹ̀sùn nígbà tí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù kẹta 2014. Lọ́jọ́ náà gan-an ni òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó tó 18.5. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìṣirò ti dé mílíọ̀nù 28.5. Adájọ́ ní ìjẹ́wọ́ àbọ̀ kò lè gbà á sílẹ̀. Ó rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 3 àtààbọ̀. Ní ọjọ́ kejì, Hoeneß fi ipò sílẹ̀, ó sì ní òun kò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìyẹn níyì díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, àwọn tí ó ń sáré lọ jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ agbowó-orí pọ̀ jọjọ, ìjọba sì mú òfin náà le sí i ní 2015. Ẹ̀wọ̀n Landsberg ni ó lọ ní oṣù kẹfà 2014. Ó jáde ní oṣù kejì 2016. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, láìsí ẹni tí ó bá a du ipò, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tún dìbò yàn án ní ààrẹ, ìbò rẹ̀ lé ní 97 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2019.